Òwe, àkàwé, tàbí òwe onítàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ kí a máa pe irú ìtàn kúkúrú tí Jésù máa ń fi kọ́ni, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní parabolē. Ẹnìkan ní "òwe" tí Bíbélì Yorùbá lò kò tọ́, pé ó da ìtàn ọmọ onínàákúnàá pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ inú Ìwé Òwe, kí a fi "àkàwé" rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn gbèjà "òwe": ó ní inú "wé" ló ti jáde, pé ìfiwéra ló túmọ̀ sí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. N kò lè bá ìkankan nínú wọn dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ti "wé" kúrò. Ohùn òkè ló wà lórí wé nínú àkàwé àti àfiwé, ohùn àárín ló sì parí òwe. Bí a bá fa ọ̀rọ̀-orúkọ yọ lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í sábà sọnù: kọ́ fún wa ní ẹ̀kọ́, mọ̀ fún wa ní ìmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí a gba ti "wé" gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ohùn òkè yẹn gbà lọ.

Ti àkàwé ló gba sùúrù. Lóòótọ́, para ni ẹ̀gbẹ́, ballein ni kí a ju nǹkan. Parabolē ni kí a ju ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Bí Aristotle, amòye Gíríìkì àtijọ́, ṣe lò ó nínú ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ nìyẹn: ó ní ẹni tó bá ń fi kèké yan olórí ìlú dà bí ẹni tó fi kèké yan ẹni tí yóò tukọ̀, láìwo ẹni tó mọ̀ ọ́n tù. Ó ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìtàn ẹranko bíi ti Aesop. Àkàwé gidi ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró síbẹ̀, n kì bá tí jiyàn rárá.

Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí àwọn Júù tó ń sọ Gíríìkì ń túmọ̀ ìwé mímọ́ Hébérù, parabolē ni wọ́n sábà fi dípò ọ̀rọ̀ Hébérù náà, mashal, mashal sì gbòòrò ju àkàwé lọ fíìfíì. Òun ni orúkọ Ìwé Òwe ní Hébérù. Òun kan náà ni Ìsíkíẹ́lì 17 pe ìtàn idì àti àjàrà, tó tún pè é ní ḥidah, ìyẹn àlọ́ àpamọ̀, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ wo Lúùkù 4:23 náà: "Oníṣègùn, wo ara rẹ sàn." Kò sí ìtàn níbẹ̀, síbẹ̀ parabolē ni Gíríìkì pè é. Nítorí náà, àwọn tó kọ "òwe" sínú Bíbélì wa kò da nǹkan pọ̀. Ó ti dàpọ̀ kí wọ́n tó bá a.

Ohun tó mú kí n má fara mọ́ àkàwé gan-an ni ìtàn wòlíì Nátánì nínú 2 Sámúẹ́lì 12. Dáfídì ti gba aya Ùráyà, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n pa ọkọ rẹ̀. Nátánì wọlé, ó ní ọkùnrin méjì wà nínú ìlú kan, ọ̀kan lówó, èkejì tálákà. Tálákà yìí ní ọ̀dọ́ àgùntàn kan péré tó ń sùn sí àyà rẹ̀ bí ọmọ. Àlejò dé bá olówó. Ó fojú fo agbo tirẹ̀, ó mú ti tálákà pa. Ọba bínú, ó búra pé ikú tọ́ sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni Nátánì tó sọ pé: "Ìwọ ni ọkùnrin náà."

Bí Nátánì bá ṣe àkàwé, tó ní "Kábíyèsí, ìwà yín dà bí ti olówó kan," Dáfídì á ti múra sílẹ̀ láti dáhùn. Àkàwé máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síta lẹ́ẹ̀kan náà. Nátánì gbé ẹyọ kan, ó fi ìyókù pamọ́, ọba fúnra rẹ̀ ló sì dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Iṣẹ́ òwe nìyí. Ó dùn mí bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tó ń sọ odindi jẹ orúkọ rẹ̀.

Nǹkan kan tó wù mí nínú ìrìn ọ̀rọ̀ yìí: inú parabola ti Látìn ni parole ti Faransé, parola ti Ítálì àti palabra ti Sípéènì ti wá, "ọ̀rọ̀" ni gbogbo wọn sì túmọ̀ sí. Àwa ń sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀; lọ́dọ̀ tiwọn, ẹṣin ti di ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ nílò orúkọ tó dá yàtọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. "Ìtàn òwe" tí àwọn kan dábàá yóò ṣi èèyàn lọ́nà, torí ó lè jẹ́ ìtàn bí òwe kan ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo dábàá "òwe onítàn". A ti ní eré onítàn, etí ti mọ àwòṣe rẹ̀. Ó bá "pa" lọ láìsí wàhálà: Nátánì pa òwe onítàn fún ọba. Kò sì kó wọ inú àlọ́, níbi tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀.

Ibi tó ti ṣòro fún mi ni Mátíù 13:33, ti obìnrin tó fi ìwúkàrà sínú ìyẹ̀fun. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Bóyá la lè pè é ní ìtàn. Ní tèmi, òwe lásán ni màá pe ìyẹn.