Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa kíláàsì ìtàn àdúgbò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè bóyá ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí yunifásítì lè ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn àdúgbò fún àgbàlagbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àti èwo ló sàn, ti ọjọ́ kan ni àbí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo ti ṣe méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìwé-ẹ̀rí.

Ti ọjọ́ kan yẹn dùn, àmọ́ kó tó di ọ̀sán, orí mi ti kún. Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo ti rí nǹkan gidi mú. Ìtàn ilé tí mò ń gbé ni mò ń wá. Nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1921, tí wọ́n ṣí fún aráyé ní 2022, mo rí àwọn tó gbé ibẹ̀, iṣẹ́ wọn, àní ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ti 1931 ńkọ́? Iná ti jó o ní 1942. Ti 1941 ò tiẹ̀ wáyé nítorí ogun. Ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939 láti fi pín káàdì ìdánimọ̀ ló yọ mí. Ó di 2052 kí ti 1951 tó ṣí. (Ta ló fẹ́ dúró dè é?)

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, ẹ ṣeun. Mi ò tètè gbọ́. Méjì nínú wọn ti kó lọ. Mo ti rí ìdáhùn mi, ẹ jẹ́ ká pa á dé.