Kí ló fà á tí bàálù tún ń gòkè lẹ́yìn tó ti wà lójú òfurufú?

Ọmọ Ìtòkú béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, mo sì ti ń wo bàálù lójú sánmà wa láti kékeré, ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá ni mo kọ́kọ́ wọ èyí tó lọ sí ọ̀nà jíjìn, láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lẹ́yìn àga iwájú mi tó ń fi máàpù hàn, tó sì ń sọ bí a ṣe ga tó. Ó kọ́kọ́ dúró sórí ẹsẹ̀ bàtà 34,000. Nígbà tí a wà lórí aginjù Sàhárà, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà díẹ̀, imú ọkọ̀ náà gbé sókè, nọ́ńbà náà sì gun òkè títí ó fi di 36,000. Kí a tó dé Yúróòpù, ó ti di 38,000. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, n kò rí ìkùukùu kankan tí a lè máa sá fún. Bí òkè bá dára fún ọkọ̀ náà, kí ló dé tí awakọ̀ kò gun ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Kí sì ló dé tí mo fi rí 34, 36 àti 38, tí n kò rí 35 tàbí 37 kí ó dúró lé e lórí?

Baba Àdàtán fèsì pé:

O ṣeun, ọmọ mi, tí o la ojú rẹ sílẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń sùn. Mo fi ọdún mẹ́tàlélógún tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí o rí yìí sì wà lára ohun tó wù mí jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Epo ni ó fà á. Bàálù ńlá tó ń lọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ máa ń jó epo tó tó tọ́ọ̀nù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fi rin wákàtí mẹ́ta, ó ti fúyẹ́ tó ẹni tó sọ àpò ìrẹsì oníkílò 50 kalẹ̀ ní ọ̀nà 300.

Ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ débi pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí à ń mí sínú nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dí ọkọ̀ lọ́wọ́ púpọ̀, tí epo díẹ̀ fi ń gbé e jìnnà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni apá bàálù gbára lé kí ó má baà já bọ́. Bí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún bá gun 38,000 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò ní láti sáré gidigidi kí apá rẹ̀ tó lè gbé e dúró, bẹ́ẹ̀ ni eré náà ní ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, nítorí pé bí ó bá ti ń súnmọ́ eré tí ohùn ń sá, afẹ́fẹ́ orí apá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń ga sí i ni eré tó kéré jù àti eré tó pọ̀ jù ń súnmọ́ ara wọn. Awakọ̀ a dúró níbi tí ìwúwo ọkọ̀ rẹ̀ gbà, a jó epo, a sì tún gun òkè díẹ̀.

Adarí Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ti nọ́ńbà ló kù. Láti ẹsẹ̀ bàtà 29,000 dé 41,000, òfin fi àlàfo 1,000 sí àárín bàálù méjì tó bá wà lókè ara wọn. Àwọn tó forí lé ìlà-oòrùn a máa gba 31, 33, 35, 37. Àwọn tó forí lé ìwọ̀-oòrùn a gba 32, 34, 36, 38. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, àríwá ni ọ̀nà náà kọjú sí, ṣùgbọ́n ó yà díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ìdí nìyẹn tí Ọmọ Ìtòkú fi rí ohun tó rí. Nígbà tí ó bá ń padà bọ̀, kí ó tún wo tẹlifíṣọ̀n náà, yóò rí 35 tàbí 37. Àlàfo 2,000 ni à ń lò nílẹ̀ Áfíríkà tẹ́lẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni a dín in kù, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn gíga ti péye tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí àyípadà náà gan-an, torí pé àyè tó pọ̀ sí i ni awakọ̀ fi ń rí ibi tó bá ìwúwo ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Ìyá Aládìrẹ béèrè pé:

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lára tí ọkọ̀ bá ti 34,000 bọ́ sí 38,000? Mo fẹ́ lọ kí ọmọ mi lóṣù tó ń bọ̀, etí mi kì í sì í gba òkè.

Baba Àdàtán fèsì pé:

Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ débi pé, bó ti wù kó ga tó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní fẹ́lẹ́ ju ti ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000 lọ; nínú Boeing 787, 6,000 ni. Òkè Olúmọ ga tó mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun, nítorí náà 8,000 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Olúmọ méjìdínlógún tí a tò léra wọn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra àti ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni etí máa ń dí jù. Ẹ mú súìtì dání, kí ẹ máa mì itọ́, pàápàá nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ má sì sùn nígbà náà.