Mo fẹ́ kí àdúgbò wa máa ṣọ́ iná lò, wọ́n ní NEPA ló rán mi

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná Band A (àwa tí wọ́n ní iná wa gbọ́dọ̀ máa tó ogún wákàtí lójúmọ́) lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ariwo ò ti tán nípàdé lándílọ́ọ̀dù wa n'Íbàdàn. Wọ́n dín in kù díẹ̀ nígbà tó yá, ó dúró síbi ₦209, àmọ́ ta ni wọ́n fẹ́ fìyẹn tàn, ẹni tó ń rà á ní nǹkan bíi ₦68 tẹ́lẹ̀? Mo bá dìde, mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́ ara wa bá a ṣe ń ṣọ́ iná lò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹ ìwé pélébé igba, mo fi Sátidé méjì kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé.

Ojúlé kẹta, ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín wò mí tìsàlẹ̀-tòkè: "Ṣé NEPA ló rán ẹ wá wo mítà wa?" Ó ti ilẹ̀kùn. Níbòmíràn, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe fi ìwé mi di ẹ̀pà. Nínú nǹkan bí ọgọ́ta ilé, mẹ́rin péré ló pààrọ̀ gílóòbù. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ìyá Oníyìnyín:
Má jáwọ́, ọmọ mi, ìwé yẹn ni kó o jù nù. Fírísà tòkúnbọ̀ méjì ni mo fi ń ta yìnyín. Lọ́jọ́ kan, oníná tó wá tún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ní kí n mú náírà ọgọ́rùn-ún kan wá. Ó fi há ẹnu fírísà, ó pa ìdérí dé, ó fà á. Owó yọ wẹ́rẹ́! Ó ní rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú, òtútù tí mò ń fowó rà ń sá jáde. Mo pààrọ̀ rọ́bà náà. Owó iná tí kì í pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀, ó ń tó ọjọ́ méjìlá báyìí. Ká ní ìwé ló fún mi, èmi náà ìbá fi di nǹkan.

Oníná Wàyá:
Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti tú àṣírí iṣẹ́ wa o! Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ tún gbọ́ èyí. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń ṣẹ́jú. Ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ tan gílóòbù àtijọ́ mẹ́jọ, 60 watt. Ẹ máa rí i bó ṣe ń ṣẹ́jú kíákíá. Ẹ wá yọ wọ́n, kí ẹ fi LED 9 watt sí i. Ńṣe ló máa dà bíi pé oorun ń kun mítà náà. Téèyàn bá ń tan mẹ́jọ àtijọ́ yẹn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, yúníìtì 86 ló ń lọ lóṣù, ó tó nǹkan bíi ₦18,000. LED ò ní jẹ ju yúníìtì 13 lọ, kò tó ₦3,000. Àmọ́ ẹ má ra yẹpẹrẹ tó máa jó lọ́sẹ̀ kejì o, ẹ ò ní lè padà sílé yẹn mọ́.

Tẹ́náǹtì Tó Ti Sú:
Ọ̀rọ̀ onílé lẹ̀ ń sọ. Yàrá mẹ́wàá là ń lo mítà kan nílé wa, a sì ń dá owó dọ́gba. Tí n bá pààrọ̀ gílóòbù tèmi, ta ló jèrè? Ẹni tó ń fi hítà iná se ẹ̀wà ní yàrá ẹ̀yìn! Ilé tó kàn wá ò tiẹ̀ ní mítà, bílì àfojúdá ni. Bí wọ́n tanná, bí wọn ò tanná, iye kan náà ni.

Bàbá Tíṣà:
Ẹni yìí ló fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wá. Akọ̀wé, yẹra fún ilé tí ò ní mítà ná, bí wọ́n ṣe máa rí mítà gbà ni kó o bá wọn lé. Ilé oníyàrá mẹ́wàá, kí olúkúlùkù fi mítà kékeré sí yàrá rẹ̀, kí lándílọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ò ń rọ omi sínú ajẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn ará Cuba ṣe irú iṣẹ́ yìí ní 2006. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọlé kiri, ọwọ́ wọn gan-an ni wọ́n fi ń yọ gílóòbù àtijọ́, wọ́n á fi tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pààrọ̀ fìríìjì tó lé ní mílíọ̀nù méjì, tonílé á máa san owó ìyẹn díẹ̀díẹ̀. Ìjọba ló wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́. Àwa náà ní àjọ. Ẹ ra gílóòbù ní páálí, kí ẹni tó bá gbà á máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti bá oníná wa sọ̀rọ̀, mo sì padà lánàá sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mi ò mú ìwé lọ. Mo ní a fẹ́ fi náírà ọgọ́rùn-ún wo ẹnu fírísà wọn. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Owó ta ni?" Mo ní owó tiwa ni. Wọ́n ní ká máa bọ̀ ní Sátidé.