Mo ti dín ẹrù ilé mi kù: àwọn ìwà wo ló yí padà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà?

Abẹ̀kẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni mo kó kúrò nínú ilé oníyàrá mẹ́ta bọ́ sí yàrá kan àti pálọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Nígbà tí mo tú ẹrù wò, mo ka abọ́ oníke 41 tí wọ́n pín fún wa ní òde ìnáwó, tí àwòrán àwọn olóògbé àti ti ìyàwó tuntun ṣì wà lára wọn, mo sì ka aṣọ ẹbí 23 tí n kò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òmíràn wà níbẹ̀ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ télọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni káńfọ̀ tí mo há sí àárín wọn ti yọ́ tán. Mo fi èyí tó pọ̀ jù tọrẹ, mo ta díẹ̀. Abọ́ ìjẹun mẹ́rin, ìkòkò mẹ́ta àti aṣọ tó lè gba inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ló ṣẹ́kù.

Ohun tí n kò retí ni bí ìṣesí mi ṣe ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, n óò kó abọ́ sínú bàsíà títí di ọjọ́ kejì, torí pé òmíràn wà lórí pẹpẹ. Ní báyìí, bí mo bá ti ń jẹun tán ni mo ń fọ abọ́, nítorí bí n kò bá fọ̀ ọ́, kò sí èyí tí a ó fi jẹ oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń fọ aṣọ, n kì í sì í pẹ́ níwájú dígí mọ́ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ gbígbá ti yá, torí kò sí àpótí tí mo ní láti kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́nà.

Ìṣòro méjì ló kù. Ìyá mi wá kí mi, wọ́n wo pálọ̀ yíká, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá mo jẹ gbèsè ni. Ìkejì, bí wọ́n bá gbé aṣọ ẹbí wá, n kò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́ kí wọ́n má bàa sọ pé mo ti ya ara mi sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí irú ayé yìí, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Peckham, London

Abẹ̀kẹ́, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Fláàtì oníyàrá kan ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé níhìn-ín, ọdún mẹ́rin gbáko sì ni dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù méjì tí à ń kó ẹrù sí láti fi ránṣẹ́ sílé fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, tí à ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, torí pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ti dín owó rẹ̀ kù lẹ́yìn Kérésìmesì ni mo máa ń rà, tí n óò ní ará ilé yóò lò ó. Nígbà tí àkọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú Òde, kóòtù òtútù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí wọn wọ̀. Ó dùn mí, nítorí owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ì bá jẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni mo ń ṣọ́. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì; ohunkóhun tó bá wù mí rà, yàtọ̀ sí oúnjẹ àti oògùn, n óò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo rí i síbẹ̀, n óò sì dúró fún oṣù kan. Púpọ̀ nínú wọn ni mo ń fa ìlà lé kí oṣù tó pé, torí ọkàn mi á ti kúrò níbẹ̀. Èyí tó ti pọ̀ jù nílé, ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú ní òpópónà wa la ń gbé e lọ, wọ́n á tà á, wọ́n á fi owó rẹ̀ ran aláìní lọ́wọ́.

Ní ti màmá rẹ, má bá wọn jiyàn. Jẹ́ kí wọ́n sun ọ̀dọ̀ rẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n rí i pé o ń jẹun kánú, ọkàn wọn á balẹ̀.

Ìyá Aláṣọ, Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó aṣọ òkè mọ́ ẹrù tí ẹ ń tọrẹ o! Etù, sányán àti àlàárì kì í ṣe ẹgbẹ́ ańkárá òde ìnáwó. Sányán gidi, èyí tí wọ́n fi òwú kòkòrò hun, ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá gbé ti ìyá rẹ̀ jù nù lónìí lè má rí irú rẹ̀ rà mọ́. Àpótí kan ṣoṣo ni tèmi wà, mo sì ń sá wọn sí atẹ́gùn lábẹ́ òjìji bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Aṣọ ni mo ń tà, síbẹ̀ n óò sọ òótọ́ nípa aṣọ ẹbí. Ẹ tètè lọ bá olówó ìnáwó kí wọ́n tó gé aṣọ, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e tán, ìtìjú ni kíkọ̀ ọ́ jẹ́ fún wọn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì sọ pé, “Màámi, mo ní aṣọ tó bá àwọ̀ yìí mu, èyí ni n óò wọ̀, ẹ gba owó yìí kí ẹ fi kún owó òróró.” Gèlè nìkan ni kí ẹ rà. Ẹni tó kúnlẹ̀, tó fi owó sílẹ̀, tó sì tún wá bá wọn bu oúnjẹ lọ́jọ́ òde, kò sẹ́ni tó máa ní ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Adéọlá, Èkó

Mo kí àwọn àgbà. Ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tó le fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo kẹ́ẹ̀gì ilé ni mo kó fún àwọn tó ń ra àlòkù, torí wọ́n ń gba àyè. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ omi àdúgbò bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Méruwà dé ẹnu ọ̀nà, n kò sì ní ohun tí n óò fi gba omi. Mo tún kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin rà ní owó gọbọi. Ìyá mi tó ń tọ́jú ike òróró kò ṣe wọ̀bìà, ó mọ ìlú tí ó ń gbé ni.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní kóńgò-kóńgò ń san ju ẹni tó ra àpò oníkílò 50 lọ, bẹ́ẹ̀ àpò kan pọ̀ jù fún èmi nìkan. Ní báyìí, àwa mẹ́ta tí a jọ wà ní pásééjì kan náà là ń dáwó rà á, tí a sì ń fi kóńgò kan náà wọ̀n ọ́n pín sórí ẹní. Mo ti ta fírísà tí iná kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ọbẹ̀ ọjọ́ méjì ni mo ń sè. Ìwà tó yí padà jù lára mi nìyẹn: mo ti mọ orúkọ àwọn aládùúgbò mi, nígbà tí ẹrù mi pọ̀, n kò nílò wọn.

Abẹ̀kẹ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, àti ìwọ àbúrò mi. Mo ti lọ yẹ àpótí wò lálẹ́ àná. Etù màámi wà níbẹ̀, n kò fi tọrẹ. Wọ́n tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àwọn àǹtí mi méjì. Mo ti bá ìyá ilé kejì sọ̀rọ̀, wọn yóò yá mi ní abọ́ mẹ́fà, èmi náà yóò sì gbé ìkòkò ńlá mi fún wọn lọ́jọ́ Àìkú.