Eégbọn kún ara akika tá a gbà sílẹ̀, kí ni ká ṣe?

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ (Abẹ́òkúta)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ń la igi lẹ́yìn oko wa ló bá akika kan nínú ihò igi lánàá. Wọ́n ti dì í sínú àpò, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì ni wọ́n ń gbé e lọ. Baálé mi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún wa láìgba kọ́bọ̀. Ó wà nínú páálí ní yàrá ẹ̀yìn báyìí, ó ká ara jọ róbótó.

Eégbọn ara rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tó tú ara sílẹ̀ lóru, mo tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Wọ́n wà láàárín ìpẹ́, wọ́n wà ní ikùn níbi tí kò ní ìpẹ́, wọ́n wà ní abíyá. Àwọn kan pẹlẹbẹ, wọ́n ki orí bọ awọ ara rẹ̀ débi pé ẹ̀yìn wọn nìkan lèèyàn ń rí. Àwọn kan ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n wú, wọ́n ń dán. Àbúrò mi ní ká po òta-pia-pia mọ́ omi ká fi wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ajá. Ìyá ọkọ mi ní epo pupa ni ká fi pa wọ́n lára, wọn á já fúnra wọn. Ọmọ kékeré wà nílé, ajá náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe? Ṣé eégbọn yìí ò ní gùn wá?

Ọmọ Ọdẹ
Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí òta-pia-pia débẹ̀ rárá! Ẹ gbé páálí náà kúrò nínú ilé lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ajá má sì dé ibẹ̀. Dókítà ń bọ̀ wá dá yín lóhùn.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Mà, ẹ kú aájò. Òta-pia-pia ni kí n ti kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè pa ẹran yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ń gba awọ ara wọlé, ó ń gba imú wọlé. Akika tó bá ká jọ, imú rẹ̀ wà mọ́ ikùn ara rẹ̀ gan-an, kò sí bí kò ṣe ní fà á símú. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ara á máa gbọ̀n, mímí á nira. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ń fà á símú, ọmọ inú ilé náà ń fà á símú. Ajá pàápàá kò yẹ ká fi wẹ̀.

Epo pupa, kẹrosíìnì, iná ìṣáná, Vaseline, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Eégbọn kì í mí lemọ́lemọ́ bíi tiwa, ó lè pẹ́ lábẹ́ epo kó tó kú. Níbi tó ti ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀, ó lè bi ohun inú rẹ̀ sójú ọgbẹ́, kí àrùn sì bá a wọlé.

Fífà la máa ń fà á yọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí kò bá sí, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ wé ọwọ́. Ẹ wá ẹ̀mú kékeré táwọn obìnrin fi ń fa irun ojú. Ibi tí ẹnu eégbọn náà ti wọ awọ ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe ní ikùn rẹ̀ tó wú. Ẹ fà á sókè tààrà, jẹ́jẹ́, ẹ má yí i, ẹ má já a gbà. Ẹ jù ú sínú ìgò tí sípíríìtì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi èékánná tẹ ọ̀kankan pa, torí àrùn mìíràn ń ti ara ẹ̀jẹ̀ eégbọn tó bẹ́ wọlé síni lára.

Èyí tó ká mi lára jù rèé: ẹ má fi agbára tú akika náà. Òru ni í jẹ̀, yóò tú ara fúnra rẹ̀ bí ibẹ̀ bá dákẹ́. Ẹ yọ àwọn tó wú àti àwọn tó wà lẹ́bàá ojú, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́. Ìpayà ń yá akika pa ju eégbọn lọ. Mo ti rí èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní, tí kò sì rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́.

Ẹlẹ́ran Ọ̀sìn
Dókítà, ivermectin ńkọ́? Òun la fi ń gún ewúrẹ́ wa.

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Rárá o. Ohun tí ewúrẹ́ lè gbà, ẹran mìíràn lè má lè gbà á. Ivermectin kan náà ń pa ìjàpá. Fipronil tí wọ́n ń fín sí ajá lára ń pa ehoro. Ẹni tó bá mọ ẹran ìgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ wọn oògùn fún un.

Mà, ẹ béèrè bóyá ó lè gùn yín. Eégbọn tó wọ́pọ̀ jù lára akika nílẹ̀ Áfíríkà ni Amblyomma compressum, akika ló fẹ́ràn jù. Ìyẹn ò ní kí ẹ fọkàn balẹ̀ pátápátá, torí eégbọn tébi ń pa lè gun ohunkóhun. Ní Ìbàdàn níbí, lọ́dún 1964, ara eégbọn màlúù ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n fi Dùgbẹ̀ sọ lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá ní ibà, ẹ̀fọ́rí, tàbí èépá dúdú níbi tí nǹkan ti bù ú jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fọwọ́ kan eégbọn. Bí ẹ ò bá sọ, ibà ẹ̀fọn àti táífọ́ọ̀dù ni wọn á máa tọ́jú. Doxycycline, oògùn tó ń pa bakitéríà, ń ṣẹ́gun ibà eégbọn tí bakitéríà bá fà dáadáa bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ọdẹ
Òótọ́ ni Dókítà sọ. Bàbá mi kì í gbé ẹran ìgbẹ́ wọ yàrá láéláé. Bí ẹran bá ti kú tó ń tutù, eégbọn ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń wá lọ. Ẹ rántí ohun táwọn àgbà sọ: eégbọn so mọ́ ayínrín nímú, adìẹ ń wá ọ̀nà àtijẹ ẹ́, kò mọ̀ pé òun gan-an oúnjẹ ayínrín ni. Ẹ má jẹ́ kí adìẹ tàbí ajá yín lọ tú páálí yẹn wò.

Àǹtí Olùkọ́
Ẹ má tọ́jú rẹ̀ pẹ́ sọ́dọ̀ o. Lọ́dún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de kíkó akika ta láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, òfin tiwa náà sì ń dáàbò bò ó. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, wà lẹ́bàá yín níbẹ̀, wọ́n ní ilé ìwòsàn ẹran, wọ́n sì ní ọgbà ẹranko. Ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì tàbí mílíìkì, kò ní eyín. Ìkán àti èèrà ló ń jẹ. Omi nínú abọ́ pẹlẹbẹ ti tó.

Bàbá Ìṣẹ́yìn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Ọmọ lékeléke kan já láti orí igi sí àgbàlá wa. Nǹkan kéékèèké bíi hóró sẹsẹ̀mù yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n lẹ̀ pinpin. Ṣé eégbọn náà ni?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ó jọ ọ́, Bàbá. Eégbọn tó ń dà màlúù láàmú tó bá ti dàgbà máa ń gun ẹyẹ nígbà tó wà ní kékeré, ibi tí ẹnu ẹyẹ ò lè dé lára rẹ̀ ló sì fẹ́ràn, orí àti ẹ̀bá ojú. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: ẹsẹ̀ mẹ́fà ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, mẹ́jọ ni àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Ẹni kan á di orí ẹyẹ náà mú pẹ̀lú aṣọ, ẹnì kejì á fà wọ́n. Èyí tó bá wà lórí ìpéǹpéjú gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa. Ẹ má fín nǹkan kan sí i. Kí ó má sì sùn nítòsí adìẹ yín.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ (Abẹ́òkúta)
Ọlọ́run á gbọ́ tiyín o. A ti yọ àwọn tó wú, baálé mi mú tọ́ọ̀ṣì dání, èmi fà wọ́n. Ó dákẹ́ fún wa. A tẹ́ aṣọ funfun sísàlẹ̀ páálí, ká lè máa rí èyí tó bá já. A ti pe àwọn FUNAAB, wọ́n ní ká máa gbé e bọ̀. Ṣé ká gbé ìgò eégbọn náà dání?

Dókítà Ẹran (Ìbàdàn)
Ẹ gbé e dání, mà. Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn, kí ẹ kọ ọjọ́ òní, orúkọ abúlé yín, "akika", àti ibi tí ẹ ti yọ wọ́n lára rẹ̀ síbẹ̀. Bírò lè parẹ́ bí sípíríìtì bá kàn án, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò. Aṣọ funfun yẹn, ẹ sun ún lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi akika lé wọn lọ́wọ́.