Mo fẹ́ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí mi níwájú àwọn àgbà: kí ni kí n fi ojú, ọwọ́ àti ìdúró mi ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ń múra láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí oyè másítà mi níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní sẹminá lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn sọ pé ohun tí mo kọ dára, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́, nítorí pé ilẹ̀ ni mò ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló mú mi wo ilẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ kì í tẹjú mọ́ àgbà náà. Bí màmá mi bá fi ojú bá mi wí níwájú àlejò, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Báwo ni mo ṣe lè wo ojú wọn láì jọ ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́? Ọwọ́ mi pẹ̀lú máa ń gbọ̀n, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ yunifásítì kan

Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ilé rẹ kì í ṣe àléébù, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí wọ́n ń bá wí, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí wọ́n pè kí ó wá sọ ohun tó mọ̀. Bí a bá bi ọ́ ní ìbéèrè, tí o sì ń wo ilẹ̀, a kò lè mọ̀ bóyá ìbéèrè náà yé ọ tàbí ò ń wá ọ̀nà àbáyọ. Àwọn baba wa kò ṣàdédé sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Kúnlẹ̀ kí wọn nígbà tí o bá wọlé, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà kí o dìde dúró ṣánṣán. O ti bọ̀wọ̀ fún wọn nìyẹn, kò sì sí ìdí tí o fi ní láti doríkodò mọ́. Bí ojú àgbà bá ṣòro fún ọ láti wò, wo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé láti ibi tí a jókòó sí, a kì í mọ̀ pé kì í ṣe ẹyinjú wa lò ń wò. Sọ gbólóhùn kan tán sí ẹnì kan kí o tó yíjú sí ẹlòmíràn. Má sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ nìkan, bí mo ti ń rí i lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ẹni tó fajú ro náà fẹ́ gbọ́.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ alága ìdúró kan

Àbúrò mi, ẹbí méjì ni mo máa ń dúró níwájú wọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó, mo sì mọ̀ pé àgbà lè dárí ji àṣìsọ, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ òsì nàka sí i, kò ní gbàgbé. Nítorí náà, lọ wo yàrá náà ṣáájú ọjọ́ rẹ. Bí o bá dojú kọ àwọn ènìyàn, jẹ́ kí ara ògiri tí àwòrán iṣẹ́ rẹ ń hàn sí wà ní apá ọ̀tún rẹ, kí o lè máa fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tọ́ka sí i láì kẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni. Má di ìwé pẹlẹbẹ kan ṣoṣo mú, nítorí pé yóò máa gbọ̀n ju ọwọ́ rẹ lọ. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí wọ́n bá ní kí o jókòó gbọ́ ìbéèrè, má fọwọ́ lẹ́rán, nítorí ẹni tí ìbànújẹ́ bá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú tiwa. Fi fóònù ya ara rẹ níbi tí o ti ń sọ̀rọ̀, pa ohùn rẹ̀, kí o wá wò ó.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé ìdá 93 nínú 100 ohun tí ènìyàn ń sọ ni ara àti ohùn ń sọ, àti pé 7 péré ló kù fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìṣesí ara ni kí o gbájú mọ́.

Èsì olùkọ́ yunifásítì náà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó gbé ìṣirò yẹn lọ síwájú wọn. Ìwádìí Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1967, ni ó ti wá. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n sì ń wo bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀, ohùn àti ojú rẹ̀ bá ta kora. Mehrabian fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé kò kan ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ìmọ̀lára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀ ni, à bá máa gbọ́ ìròyìn tí wọ́n ń ka ní èdè Ṣáínà ní àgbọ́yé. Ara kò lè rọ́pò iṣẹ́ tí o ṣe. Ohun tí a ń bẹ ara rẹ ni pé kí ó má tako iṣẹ́ náà.

Èsì ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ya ara mi lánàá, mo sì pa ohùn rẹ̀. Mo rí i pé nígbàkigbà tí mo bá dé orí kẹta, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé bí mo ṣe kó ìwífún jọ, mo máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ha ẹsẹ̀ òsì, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Mo mọ ìdí rẹ̀: orí náà kò tíì dá mi lójú. Òun ni mo jókòó tì láti òwúrọ̀ yìí. Àbúrò bàbá mi tó ti lé ní 70 ọdún ti gbà láti wá gbọ́ mi lálẹ́ Sátidé, àárín ojú wọn méjèèjì ni mo sì máa wò.