Ìdọ́gba kò lè gbé ẹrù equity

Mo kí gbogbo yín, ọ̀kun o. Ẹni tó ń túmọ̀ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àwùjọ kan lórí racial and gender equity nínú ètò ẹ̀kọ́ ti pè é ní "ìdọ́gba ẹ̀yà àti takọtabo". Ó dùn létí. Ibi ìtumọ̀ ló ti wọ́.

Equality ni ìdọ́gba. Ìwé 60, ọmọ 20, kálukú gba 3: wọ́n dọ́gba, ó tán. Ohun tí equity ń wò yàtọ̀: bóyá ohun tó yẹ kálukú, gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo ilé-ìwé tí kò ní ilé ìyàgbẹ́ kankan. Ọmọkùnrin á yà sínú igbó, á padà wọ kíláàsì. Ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kò ríbi pààrọ̀ aṣọ, kò rómi fọ ọwọ́, á wá jókòó sílé ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Kó tó padà dé, olùkọ́ ìṣirò ti kọ́ wọn ní ìdá tán. Ohun tí ilé-ìwé pèsè dọ́gba kanlẹ̀: òfo fún ọkùnrin, òfo fún obìnrin. Síbẹ̀ apá kan ṣoṣo nìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ẹ yẹ ìdàkejì wò, ó máa ń tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ìdàkejì ìdọ́gba ni àìdọ́gba. Ìdàkejì equity ni ìrẹ́jẹ. Bí wọ́n bá pín ẹran, tí ẹ̀gbọ́n mú èyí tó tóbi, kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é ní ìrẹ́jẹ? Àbúrò nìkan, bóyá.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i pé kò burú kí wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, bí ohun tí wọ́n pèsè fún wọn bá ti dọ́gba. Orí ọkọ̀ ojú irin ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì di àtìlẹ́yìn ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí ilé ẹjọ́ kan náà fi wọ́gi lé e fún ilé-ìwé ìjọba nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Brown ní 1954. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba gan-an ni wọ́n fi bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀ fún ọdún 58.

Àwọn kan tún dábàá "àìṣègbè" fún equity. Ó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ègbè ń fẹ́ ẹni tó ṣe é. Ta ló ṣègbè nínú ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ yẹn? Ohun tí àwọn onímọ̀ àwùjọ ń tọ́ka sí gan-an ni pé ètò lè rẹ́ni jẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. "Ìpín-bó-ti-yẹ" ni mo fara mọ́. Ó gùn, mo mọ̀, àmọ́ ó ṣeé tú sínú gbólóhùn: "wọn ò pín in bó ti yẹ".

Ẹ̀yà ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka "ìdọ́gba ẹ̀yà" ní Kábà, ọ̀rọ̀ ipò ìṣèlú ló máa kọ́kọ́ rò. "Ìran" ni kí a lò. Takọtabo, ẹ fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́. "Tọkùnrin-tobìnrin" wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju tèmi lọ, kó fi ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ yẹn dán an wò kó tó mú un wá.